Ta Ló Gbé Oṣé Dúró Lókè Yẹn?

Èmi àti Túndé, ẹ̀gbọ́n mi, ní eré kan tí a máa ń ṣe nínú mòlúè. Ẹni tó bá ráyè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni yóò máa ṣọ́nà. Bí bọ́ọ̀sì bá ti wọ Marina, tí ọ̀sà wà lápá kan, tí àwọn ilé gogoro wà lápá kejì, ẹni tí kò rí fèrèsé á béèrè pé, “Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́?” Èkejì á na ọrùn síta, á dáhùn pé, “Ó ṣì wà lókè o!” Ìgbà náà ni ọkàn wa á tó balẹ̀.

Ọwọ́ Ṣàngó là ń sọ. Ṣàngó onídẹ tó dúró síwájú ilé NEPA, tó gbé oṣé, àáké olójú méjì rẹ̀, sókè bí ẹni tó fẹ́ là á mọ́ nǹkan.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú ọmọ ọdún mẹ́jọ nìyí. Ní Múṣin tí à ń gbé, bí òjò bá ti ṣú, tí àrá bá sán lẹ́ẹ̀kan péré, iná ti lọ nìyẹn. Kò tiẹ̀ ní dúró de òjò. Màmá wa á ti máa fi ọwọ́ tọ́ orí kọ́bọ́ọ̀dù wá ìṣáná. Bàbá wa sì ti sọ fún wa pé Ṣàngó ló ni àrá. Túndé, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹni tó ni àrá ló ni iná, ẹni tó ni iná ló ń gbé ní Marina, oṣé ọwọ́ rẹ̀ ni iná gbogbo Èkó sì ti ń wá. Bó bá gbé e sókè, iná á wà. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó parí.

Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí a bá kọjá ni ọwọ́ rẹ̀ ń wà lókè, tí a ó sì délé tí kò ní sí iná. Ó wò mí bí ẹni wo òpè. “Ọ̀sán la máa ń kọjá. Alẹ́ ló máa ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ìwọ gbé ọwọ́ sókè látàárọ̀ dalẹ́ ká wò ó.”

Mo gbé e. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo na ìgbálẹ̀ sókè, mo fẹ ẹsẹ̀, mo fajú ro. Màmá wa ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Wọn ò tíì bẹ iṣu náà dé ìdajì tí apá mi ti ń gbọ̀n. Ìgbálẹ̀ já bọ́ sínú abọ́ iṣu, ìgbálẹ̀ kan náà sì ni wọ́n fi nà mí. Àánú Ṣàngó ṣe mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ẹni tó ṣe é. Ben Enwonwu ni, ọmọ Onitsha, tí wọ́n bí lọ́dún 1917. Òun kan náà ni Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó fún láàárín ọdún 1950 sí 1960 kí ó lè mọ ère rẹ̀, òun náà ló sì tún wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà. Iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní ECN, ló gbé iṣẹ́ Ṣàngó fún un. Ọdún 1964 ni ère náà jáde, ọdún kẹrin òmìnira. NEPA kò tíì sí nígbà náà o. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ECN pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bójú tó ìdídò Kainji, tí NEPA fi dáyé. Nítorí náà, Ṣàngó fi ọdún mẹ́jọ ṣe ẹ̀gbọ́n fún NEPA tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ó rí i nígbà tí NEPA di PHCN lọ́dún 2005, ó sì rí i nígbà tí wọ́n pín PHCN fún àwọn aládàáni lọ́dún 2013. Orúkọ ń yí lẹ́yìn rẹ̀, òun ò sọ oṣé kalẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò fi ojú sí rárá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹni tó kọ́kọ́ pe iná ìjọba ní “iná mọ̀nàmọ́ná” lédè Yorùbá ti gbẹ́ ère yẹn tán kí Enwonwu tó dé ibẹ̀. Kí ni mọ̀nàmọ́ná bí kì í bá ṣe èyí tó ń kọ yẹ̀rì lójú ọ̀run kí àrá tó sán? A ti fi ẹnu wa fún Ṣàngó níṣẹ́ ní iléeṣẹ́ náà tipẹ́. Enwonwu kàn fi idẹ tún un sọ ni. Ilé tirẹ̀ kò sì ṣàìní òrìṣà àrá, Amadioha wà níbẹ̀. Síbẹ̀ Ṣàngó ló yọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún Èkó, kò sì ṣe é bí ọba tó fẹ̀yìn ti ìtẹ́, tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́. Ó ṣe é bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń rántí èyí tí mo bá rí àwọn ère tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sí oríta wa báyìí, tí wọn yóò kọ orúkọ sí ìdí rẹ̀ gàdàgbà-gadagba, torí pé bí a kò bá ka orúkọ, kò sí bí a ṣe lè fi ojú mọ ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́. Ṣàngó Marina kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀rí èyí wà lọ́wọ́ mi, nítorí ojú mi ló ṣe.

Ìyá Ọ̀yọ́ ni a ń pe ìyá tó bí bàbá wa. Lọ́dún 1985, àwọ̀ funfun kan ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri lọ sí ilé ìwẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé èyí ni náírà márùn-ún, èyí ni náírà mẹ́wàá. Bàbá wa ní kí wọ́n wá sí Èkó kí dókítà ojú wò wọ́n, wọ́n sì júwe ilé ìwòsàn kan fún wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Màmá wa ló mú wọn lọ. Èmi náà tẹ̀lé wọn torí ẹnìkan gbọ́dọ̀ di ọwọ́ kejì mú. Túndé lọ sí ilé ìwé.

Ìyá Ọ̀yọ́ ni a fún ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú mòlúè, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Èmi wà láàárín wọn àti màmá wa, orí mi kò ju ẹ̀yìn àga iwájú lọ, ń kò rí ìta. Ó dùn mí pé ọwọ́ Ṣàngó á kọjá mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bi? Ṣé ìyá tí kò ríran ni mo fẹ́ sọ pé kí ó bá mi ṣọ́nà?

A wọ Marina. Ọkọ̀ ò rìn. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni, àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ń sá tẹ̀lé wa. Lójijì ni Ìyá Ọ̀yọ́ gbá mi lápá mú.

“Àkànbí, ta ló gbé oṣé dúró lókè yẹn?”

Mo ní, “Ṣàngó ni, mà.”

“Mo mọ̀ pé Ṣàngó ni. Mo ní ta ló gbé e síbẹ̀?”

“NEPA ni, mà.”

“Ta ni ń jẹ́ NEPA?”

Mo ronú díẹ̀. “Ìjọba ni, mà. Àwọn tó ń fún wa níná.”

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n di irin àga iwájú mú, wọ́n dìde dúró, gèlè wọn kan òrùlé bọ́ọ̀sì. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn ìyá arúgbó tó ń tọrọ omi gbígbóná láàárọ̀. Ó nípọn, ó gùn, ó ń fà nílẹ̀ bí ìró àrá tó ti jìnnà.

“Kábíyèsí! Olúkòso! Ekùn ọkọ Ọya! Ẹlẹ́ẹ̀kẹ́ obì, olójú orógbó! Ṣángiri-lágiri!”

Gbogbo bọ́ọ̀sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni kọndọ́kítọ̀, tó fi ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, fi gbogbo ẹnu dáhùn pé, “Kábíyèsí o!” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu ara ọkọ̀ bí ẹni lu bàtá. Obìnrin kan pariwo “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ó fi ọwọ́ di ọmọ rẹ̀ létí. Ọkùnrin kan tó wọ táì sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó wo ère náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó jọ ẹni tó ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ó ṣe wò ó, ẹ ó mọ̀ pé kò rí i rí.

Màmá wa, tí wọ́n ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, tẹ orí sínú báàgì wọn. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Inú mọ́tò la wà.”

Ìyá Ọ̀yọ́ jókòó nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n tú ìṣẹ́po etí aṣọ wọn, wọ́n mú orógbó kan jáde, wọ́n bó o, wọ́n gé e pín sí méjì, wọ́n fi ìdajì sí mi lẹ́nu. Ó korò bí nǹkan míì. Mo fẹ́ tu ú. Wọ́n ní, “Ó korò, àbí? Gbé e mì.” Mo gbé e mì.

Bàbá tó bí Ìyá Ọ̀yọ́ jẹ́ oníṣàngó. Mo ti gbọ́ ọ rí fìrìfìrì, bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń dákẹ́ lé lórí bí ọmọdé bá wọlé. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n fẹ́ wọn sí, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn, ọ̀rọ̀ Ṣàngó sì parí nínú ilé wa. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

A dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ káàdì béèrè orúkọ. Màmá wa dáhùn pé, “Olúfúnmikẹ́.”

Ìyá Ọ̀yọ́ ní, “Ṣàngófúnmikẹ́.”

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sókè. Màmá wa rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí a máa ń rín níwájú àlejò, wọ́n ní, “Ìyá, Olúfúnmikẹ́ ló wà nínú gbogbo ìwé yín.”

“Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé. Ìjọba gbé e síta gbangba, wọ́n gbé oṣé lé e lọ́wọ́, gbogbo ọlọ́kọ̀ ń kọjá lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin wá ń bò ó mọ́lẹ̀ nínú orúkọ tèmi.” Wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn nọ́ọ̀sì ti wá. “Ìyá mi, ẹ bá mi kọ Ṣàngó.”

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Mo ti mọ̀wé kà nígbà náà, èmi ni wọ́n sì gbé káàdì fún pé kí n dì í mú. Mo ka ohun tó kọ, S-A-N-G-O, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ Yorùbá ní gbogbo ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè yìí. Mo ka á léraléra lórí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òrìṣà lè wà nínú orúkọ ìyá mi àgbà kí a yọ ọ́ kúrò, kí ó sì kù síbẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún wọn, ó sì là. Lọ́jọ́ tí a ń mú wọn bọ̀ nílé lẹ́yìn tí wọ́n tú báńdéèjì, wọ́n ní kí n sọ fún wọn bí a bá dé ọ̀dọ̀ Ṣàngó. Mo sọ. Wọ́n fi ojú kan náà wò ó títí a fi kọjá. Mo ń retí kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún kì í. Kọndọ́kítọ̀ ọjọ́ náà kò mọ̀ pé ohun kan wà tó yẹ kí òun máa retí.

Wọ́n kàn ní, “Ó kéré sí bí mo ṣe rí i lọ́jọ́sí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú fún ìgbà pípẹ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n já Ṣàngó mi kulẹ̀. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ìyá tó sọ pé ère kéré ni ìyá tó ti rí ẹni tí ère náà dúró fún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò rí idẹ, wọn ò rí pèpéle tó dúró lé, wọn ò rí ilé ńlá ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ kan tó nà sókè ni wọ́n rí nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, àti ohun tó wà lórí ọwọ́ náà. Èyí tí ó kù, wọ́n ti ní in lọ́wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbọ́ bàtá ní agboolé bàbá wọn.

Túndé, ní tirẹ̀, lọ kọ́ iṣẹ́ iná. Òun ló ṣàlàyé fún mi nígbà tó yá pé bí mọ̀nàmọ́ná bá ba wáyà, tàbí tí ẹ̀ka igi tó tutù bá já lé e, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wáyà náà yóò gé iná fúnra rẹ̀ kí ohun tó tóbi jù ú lọ má baà jóná. Mo ní, “Nítorí náà, Ṣàngó ló ń mú un lọ lóòótọ́.” Ó ní àlàyé òun kọ́ nìyẹn. Mo ní àlàyé rẹ̀ nìyẹn gan-an.

Ìyá Ọ̀yọ́ kú lọ́dún 1994, ọdún kan náà tí Enwonwu kú. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan kan nínú ìyẹn, ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé pẹ̀lú ìwé ètò ìsìnkú. Olúfúnmikẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, lókè fọ́tò tí wọ́n ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, bírò wà lápò mi. Mo jókòó lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù náà bí ọkùnrin náà ṣe ń to lẹ́tà, mo mọ ibi tí ó yẹ kí n ti tún un ṣe, mo sì mọ ohun tí bàbá mi máa sọ. Mo sanwó, mo gba ìwé, mo lọ ilé.

Nígbà tí mo kà nípa bí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba ṣe fi Santa Bárbara bo Ṣàngó, tí obìnrin mímọ́ kan tó wọ pupa, tó mú idà dání, wá ń jẹ́ Changó lẹ́nu wọn, kò yà mí lẹ́nu rárá. Àwọn yẹn ní pàṣán lẹ́yìn. Àwa tí a wà nílé fi Olú bò ó, kò sí ẹni tó nà wá. Lọ́dún 2023, UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn àjogúnbá tí gbogbo ayé ń tọ́jú. Àwọn ìbátan mi tó ń gbé fọ́tò rẹ̀ kiri lórí Facebook lọ́sẹ̀ náà, mo mọ ohun tó wà nínú orúkọ bàbá bàbá wọn kí wọ́n tó tún un ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi dé Marina. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ṣáájú ibi tí mò ń lọ, mo fẹsẹ̀ rìn. Ìyá kan pàtẹ obì, orógbó àti ataare sórí tábìlì kékeré lẹ́bàá ọ̀nà, bọ́rọ̀ ṣe rí ní gbogbo Èkó. Mo bi í pé ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń tajà níbẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́. Mo ní ṣé ó mọ Ṣàngó tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Ó yí ọrùn.

“Ère NEPA lẹ̀ ń sọ?”

Mo ní òun ni.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ère NEPA là ń pè é. Orógbó lẹ fẹ́ ni, àbí obì?”

Mo ní orógbó, méjì. Ó wò mí láti orí dé bàtà, ó wo káàdì iṣẹ́ tí mo fi kọ́rùn. “Ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe nǹkan ni?”

“Rárá, mà. Jíjẹ ni.”

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, mo fi eyín bó ọ̀kan, mo gé e pín sí méjì. Mo jẹ ìdajì. Mo tún jẹ ìdajì kejì, torí kò sí ẹni tí mo lè fún. Ìyá náà ń wò mí bóyá màá tu ú.